Windows àti Linux nínú láptọ́ọ̀pù kan: ibi tí ewu wà, ibi tí kò sí

Látìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí lọ́tùn-ún lósì: wọ́n ní láptọ́ọ̀pù mi ò lè gba Windows 11, wọ́n ní kí n fi Linux sí i, ṣé gbogbo nǹkan mi ò ní parẹ́? Ẹlòmíì á ní wọ́n sọ fún òun pé òun lè ní méjèèjì, kò sì yé e bí méjì ṣe fẹ́ wà nínú ẹ̀rọ kan. Àwọn kan ti gbọ́ pé tèèyàn bá fi lè dán an wò, Windows ò ní tàn mọ́ láéláé. Mi ò ní sọ pé ìbẹ̀rù yẹn ò nídìí, torí fáìlì èèyàn kì í ṣe nǹkan eré, project ọmọ yunifásítì wà níbẹ̀, fọ́tò ìsìnkú ìyá wà níbẹ̀, ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni pé ibi méjì péré ni ewu tó ń jẹ́ ewu wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ibi tẹ́ ẹ ti ń pín dísìkì, àti ibi púrógírámù kékeré tó máa ń kọ́kọ́ jí tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ. Tí ibi méjèèjì bá ti yé yín, ìyókù ò le.

Kí ni wọ́n ń pè ní dual boot gan-an?

Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, irin àti wáyà lásán ni. Ètò kan gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ tó máa darí kíbọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ, dísìkì, Wi-Fi àti gbogbo ẹ̀, kí àwọn app tó kù tó lè ṣiṣẹ́. Ètò adarí yẹn ni wọ́n ń pè ní operating system. Windows jẹ́ ọ̀kan, Microsoft ló ni ín, owó ni wọ́n fi ń tà á. Linux náà jẹ́ ọ̀kan, ọmọ yunifásítì kan nílẹ̀ Finland tó ń jẹ́ Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1991, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn káàkiri ayé ló sì ti ń bá a kọ ọ́ látìgbà náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sì rò pé àjèjì ni o, tó bá jẹ́ Android ni fóònù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, Linux ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Àwọn tó ń gbé Linux jáde máa ń dì í pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi app, kálukú á wá sọ tiẹ̀ lórúkọ, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ Ubuntu, Mint, Fedora, Debian, Linux ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Windows, Mint ni mo máa ń ní kó mú, torí ojú ẹ̀ jọ ohun tó ti mọ̀, bọ́tìnì tó máa fi ṣí àwọn app wà nísàlẹ̀ lápá òsì bí ti Windows.

Dual boot wá ni pé kẹ́ ẹ ní ètò adarí méjì lórí ẹ̀rọ kan, kẹ́ ẹ sì máa mú ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ẹ wo dánfó kan tó ní dírẹ́bà méjì. Ọ̀kan ń gbé e jáde láàárọ̀, èkejì ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá di ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì kan náà ni, táyà kan náà ni, àmọ́ àwọn méjèèjì ò lè jọ jókòó sídìí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Windows àti Linux ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ rò pé méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́ tí ẹ̀rọ á wá máa fà bí ìgbín, rárá o, tí Linux bá wà lẹ́nu iṣẹ́ Windows kàn wà lórí dísìkì ni, kò jẹ RAM kankan, kò jẹ bátìrì. RAM 4GB tẹ́ ẹ ní, èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ni gbogbo ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń pín ni àyè orí dísìkì.

Ta ló yẹ kó ṣe é, ta ni kò yẹ?

Windows 11 ń béèrè ohun kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, ìyẹn chip kékeré tó ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú ẹ̀rọ, ó sì tún fẹ́ processor tí kò tíì pẹ́ jù, tó bá jẹ́ Intel, láti generation kẹjọ tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde lọ́dún 2017 lọ sókè ni. Ẹ wá wo àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó kún Computer Village n'Íkẹjà, i5 generation kẹrin, generation kẹfà, irin gidi, tí wọ́n ṣì lágbára. Microsoft ò kà wọ́n sí mọ́. Ó dùn mí gan-an kí èèyàn tó fowó iyebíye ra irú ẹ̀ wá máa rò pé ó ti di pàǹtí, nígbà tí Mint á sáré lórí ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i.

Ẹ lè ní kí ló dé téèyàn ò kúkú yọ Windows kúrò pátápátá. Ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ ò ju Chrome, YouTube, WhatsApp orí wẹ́ẹ̀bù àti kí ó tẹ lẹ́tà lọ, ó lè yọ ọ́, LibreOffice tó máa bá nínú Linux á ṣí fáìlì Word àti Excel fún un. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti bánnà fún kọ́sítọ́mà, CorelDRAW loúnjẹ ẹ̀, CorelDRAW ti Windows ò sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Photoshop náà ò ṣe é, ojúlówó Microsoft Office tí wọ́n ń fi sórí ẹ̀rọ náà ò ṣe é. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ gan-an ni dual boot wà fún. Ìmọ̀ràn mi fún wọn ni pé Windows 10 tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́, kí wọ́n má fi wọ báńkì, kí wọ́n má fi ṣí ímeèlì, kí wọ́n máa fi Linux ṣe gbogbo ohun tó bá ti kan íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wá tan Windows fún iṣẹ́ tí Linux ò lè bá wọn ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ wo ojú Linux ni, ẹ má tíì pín nǹkan kan. Ẹ lè tan Linux látorí flash láìfọwọ́ kan dísìkì yín rárá, mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì sí ìgbà tí Windows yọjú?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn èèyàn lójú jù, torí náà kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, Windows kọ́ ló ń kọ́kọ́ jí. Ètò kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, àwọn àgbà máa ń pè é ní BIOS, tòde òní ń jẹ́ UEFI. Òun ló kọ́kọ́ ń jí, á yẹ kíbọ́ọ̀dù àti RAM wò, á wá lọ wo ìpín kékeré kan lórí dísìkì tẹ́ ẹ kì í rí nínú My Computer, tó sábà máa ń jẹ́ 100MB péré lórí ẹ̀rọ Windows 10, EFI System Partition lorúkọ ẹ̀. Inú ìpín kékeré yẹn ni púrógírámù tó ń jí Windows wà, wọ́n ń pè é ní Windows Boot Manager. UEFI á pè é, òun náà á wá pe Windows.

Tẹ́ ẹ bá fi Linux sí i, Linux á gbé púrógírámù tiẹ̀ wá sínú ìpín kékeré kan náà, ẹ̀gbẹ́ ti Windows ló máa jókòó sí, kò ní gorí ẹ̀. GRUB lorúkọ tiẹ̀. Á wá sọ fún UEFI pé kó máa kọ́kọ́ pe òun. Látọjọ́ yẹn lọ, tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ, ẹ ó rí ojú dúdú kan tí wọ́n to orúkọ sí, Linux lókè, Windows nísàlẹ̀, ẹ ó fi bọ́tìnì ọfà mú èyí tó wù yín. Tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á gbé èyí tó wà lókè.

Ìdí tí mo fi ṣàlàyé gbogbo èyí ni pé nígbà tẹ́nì kan bá pariwo pé "Linux ti pa Windows mi!", ìgbà tó pọ̀ jù ni Windows wà níbi tó wà láìyẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo fáìlì ẹ̀, ẹni tó ń pè é ló ṣì gbàgbé orúkọ ẹ̀. Ẹ wọ inú UEFI, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Boot Order sí, ẹ gbé Windows Boot Manager sókè, á tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ Linux lẹ ò rí mọ́ lẹ́yìn tí Windows ṣe update ńlá kan, ẹ lọ síbì kan náà kẹ́ ẹ gbé ti Linux sókè. Kò sídìí fún formatting rárá, ó sì ń bí mi nínú pé ohun táwọn kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Mint lẹ fi sí i tí orúkọ Windows ò sì yọ lójú dúdú yẹn, ẹ wọ Linux, ẹ ṣí fáìlì /etc/default/grub, ẹ kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí terminal, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Linux, kẹ́ ẹ tẹ sudo update-grub, á lọ wá Windows rí.

Kí ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan?

Ẹ kó fáìlì yín sórí hard disk mìíràn tàbí sórí Google Drive. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, ẹni tí kò bá tíì ṣe é kó dúró síbí ná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni BitLocker, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí dáadáa torí òun ló ń gbé omi sójú àwọn èèyàn jù. BitLocker, tí wọ́n tún ń pè ní Device encryption lórí àwọn ẹ̀rọ kan, ń ti dísìkì yín pa kí olè má bàa rí nǹkan kà níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù míì ti tan án fúnra ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi àkáǹtì Microsoft wọlé, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kò sí wàhálà lójoojúmọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ yí nǹkan padà nínú UEFI, bíi kẹ́ ẹ pa Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ òǹtẹ̀ àwọn púrógírámù tó ń jí ẹ̀rọ wò, tàbí kẹ́ ẹ yí Boot Order, BitLocker lè fura pé olè ló wà nídìí ẹ̀rọ, á wá gbé ojú búlúù jáde, á ní kẹ́ ẹ mú recovery key wá, nọ́ńbà 48 gbáko. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà yẹn, fáìlì ẹ̀ lè lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè bá a ṣí i láìsí nọ́ńbà náà, Microsoft fúnra wọn ò lè ṣí i. Torí náà ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey báyìí, ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì yín, ẹ da nọ́ńbà yẹn kọ sínú ìwé, inú ìwé ni mo wí o, kì í ṣe inú láptọ́ọ̀pù kan náà. Èyí tó tún dáa jù ni kẹ́ ẹ lọ sí Settings, kẹ́ ẹ pa Device encryption, kẹ́ ẹ dúró kó tú gbogbo dísìkì tán kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ohun kejì ni Fast Startup. Tẹ́ ẹ bá tẹ Shut down lórí Windows, ẹ rò pé ó kú, kò kú tán. Ó kọ apá kan ara ẹ̀ sórí dísìkì kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Dírẹ́bà tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀ ṣì ń tòògbé lórí àga, èkejì sì ti ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Tí Linux bá dé, á rí i pé ìpín Windows ò tíì tì, á sì kọ̀ láti kọ nǹkan síbẹ̀, á kàn jẹ́ kẹ́ ẹ máa kà á ni, èyí gan-an ló ń fà á tí àwọn kan fi ń ní Linux ò jẹ́ káwọn fi fáìlì pa mọ́ sí D. Ẹ wọ Control Panel, Power Options, "Choose what the power buttons do", ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Turn on fast startup". Fún ìdí kan náà, ẹ má ṣe fi Hibernate pa ọ̀kan kẹ́ ẹ wá lọ tan èkejì.

Ohun kékeré mìíràn: ẹ tẹ msinfo32 sínú ibi ìwákiri Windows, ẹ wo iwájú "BIOS Mode". Tó bá jẹ́ UEFI, ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ bá yín mu. Tó bá jẹ́ Legacy, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi Windows yẹn sí i, ọ̀nà àtijọ́ kan náà lẹ gbọ́dọ̀ fi tan flash Linux yín, kẹ́ ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń pín dísìkì láìba nǹkan jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí Windows fúnra ẹ̀ dín ara ẹ̀ kù, òun ló mọ ibi tó kó ẹrù ẹ̀ sí. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ Start, ẹ mú Disk Management, ẹ ó rí C bí àpótí gígùn kan, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Shrink Volume. Ubuntu ń béèrè 25GB ó kéré tán, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbádùn ara yín, ẹ fún un ní 50GB, 51200 lẹ máa tẹ torí MB ni wọ́n fi ń kà á. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ ó rí àpótí tuntun tí wọ́n kọ Unallocated sí lórí. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un ní lẹ́tà, ẹ má format ẹ̀, àyè òfìfo yẹn ni Linux máa wá wọ̀.

Nígbà míì Windows á ní 3GB péré lòun lè yọ̀ǹda nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé 100GB ló ṣófo. Kì í ṣe ahun, àwọn fáìlì kan wà láàárín dísìkì tí kò lè ṣí nídìí. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú "Run as administrator", ẹ tẹ powercfg /h off síbẹ̀ láti pa hibernate, ẹ pa System Restore fúngbà díẹ̀, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kẹ́ ẹ tún un gbìyànjú.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá fẹ́ fi í síbẹ̀ ńkọ́?

Flash 8GB á tó. Mint ò ju nǹkan bíi 3GB lọ, Ubuntu sún mọ́ 6GB, ẹni tó ń ra dátà á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá ti gba fáìlì Linux látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi Rufus, app Windows tó wà fún irú iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ sórí flash, gbogbo ohun tó wà lórí flash yẹn á pa rẹ́, ẹ ti kó wọn kúrò. Ẹ ki flash bọ ẹ̀rọ, ẹ tàn án, kẹ́ ẹ sì máa tẹ F12 tó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 tó bá jẹ́ HP, ẹ mú flash. Linux á tàn látorí flash, kò sì tíì kan dísìkì yín. Ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ dán ìró wò, ẹ dán kámẹ́rà wò. Tí Wi-Fi bá kọ̀, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, á rí íntánẹ́ẹ̀tì lò títí ẹ ó fi rí driver ẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Linux lè lo Wi-Fi yẹn.

Kẹ́ ẹ tó tẹ Install, bátìrì gbọ́dọ̀ kún tàbí kí inverter wà nítòsí, torí tí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sórí dísìkì, ìyẹn ò dáa.

Á wá bi yín léèrè ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi í sí. Ojú yìí ni kẹ́ ẹ ti mú sùúrù jù. Ọ̀kan á ní "Install alongside Windows", òun lẹ fẹ́. Ọ̀kan á ní "Erase disk", ìyẹn máa nu gbogbo dísìkì, Windows, fọ́tò, project, gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtàn ẹkún tẹ́ ẹ ti gbọ́, ibí yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un kà.

Tí Linux bá ní òun ò rí dísìkì kankan rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tan ohun kan tó ń jẹ́ Intel RST tàbí VMD nínú UEFI. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ yí i sí AHCI, ọ̀nà míì tí ẹ̀rọ ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kàn yí i lójijì, Windows ò ní tàn. Ẹ kọ́kọ́ wọ Windows, ẹ tẹ msconfig, ẹ lọ sí Boot, ẹ fàmì sí Safe boot, ẹ restart, ẹ yí i sí AHCI nínú UEFI, kí Windows tàn nínú Safe mode lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ yọ àmì yẹn kúrò.

Tó bá ti wà níbẹ̀ tán, ẹ wọ Settings, Keyboard, ẹ wá Yoruba. Ó wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó máa tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn láìwá app kankan. Èyí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀.

Kí ló dé tí aago Windows fi ń ṣìṣe lẹ́yìn náà?

Ní Nàìjíríà àti ní Benin, ẹ ó rí i pé tẹ́ ẹ bá ti lo Linux tẹ́ ẹ wá wọ Windows, aago á fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Aago kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kódà nígbà tẹ́ ẹ bá pa á. Linux máa ń fi aago àgbáyé, UTC, sínú ẹ̀, á wá ro ti ìlú yín mọ́ ọn fúnra ẹ̀. Windows gbà pé aago ìlú yín gan-an ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán l'Ékòó, Linux á kọ aago méjì síbẹ̀, Windows á dé, á ka aago méjì, á gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní Lomé ò ní rí ìṣòro yìí rárá torí aago Togo àti UTC bára mu, ẹni tó wà ní London á rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìkan. Ẹ ṣí terminal nínú Linux, ẹ tẹ timedatectl set-local-rtc 1, ó ti tán nìyẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé update Windows ń ba Linux jẹ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Microsoft gbé update ààbò kan jáde tó ń dènà àwọn GRUB àtijọ́ tó ní àbùkù. Wọ́n ní kò ní kan ẹ̀rọ tó ní Linux pẹ̀lú Windows, àmọ́ ó kan ọ̀pọ̀. Àwọn èèyàn tan ẹ̀rọ, wọ́n bá ọ̀rọ̀ kan tó ní "Something has gone seriously wrong: SBAT self-check failed", ẹ̀rọ sì kú. Kò sí fáìlì kankan tó sọnù. Secure Boot, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ inú UEFI tó ń yẹ òǹtẹ̀ wò, ló kọ̀ láti jẹ́ kí púrógírámù tó ń jí Linux kọjá. Ẹni tó bá bá irú ẹ̀ pàdé, kó pa Secure Boot nínú UEFI, kó wọ Linux, kó tẹ sudo mokutil --set-sbat-policy delete, kó tún Linux tàn lẹ́ẹ̀kan, kó wá tan Secure Boot padà. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni Microsoft tó tún un ṣe. Ẹ máa ṣe update Linux yín déédéé, òun ló ń jẹ́ kí GRUB yín jẹ́ tuntun.

Tí Linux bá sú mi, báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí pípa ìpín Linux rẹ́, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyẹn, GRUB á jí, á wá ara ẹ̀ tì, á wá fi ojú dúdú tí wọ́n kọ grub> sí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ wọ UEFI, ẹ gbé Windows Boot Manager sókè, ẹ rí i pé Windows tàn fúnra ẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ tó wá wọ Disk Management, kẹ́ ẹ pa ìpín tí kò ní lẹ́tà tó sì tóbi tó ohun tẹ́ ẹ fún Linux, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan EFI System Partition, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan Recovery. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ C, ẹ mú Extend Volume, àyè yín á padà sọ́wọ́ yín. Fódà kékeré kan tó jẹ́ ti Linux á ṣì kù nínú ìpín EFI yẹn, MB mélòó kan péré ni, kò ní dí Windows lọ́wọ́, ẹ lè fi í síbẹ̀.